Òjé Kúrò Nínú Omi, Ó Bọ́ Sára Èèpo

Ẹ kú ìjókòó. Ohun tí à ń dà nù lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí: èèpo ọsàn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹ̀pà, ṣùkù àgbàdo, ìyẹ̀fun pákó tó ń tú jáde lẹ́nu ayùn, ìhá àti èésan ekùrọ́. Gbogbo wọn ló lè gba oró lára omi tí a bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èèpo kì í pa oró. Òjé tó wà nínú omi kì í jẹrà, iná kì í jó o di asán, kòkòrò kankan kì í sì í jẹ ẹ́ tán. Bó bá kúrò nínú omi, ara èèpo ló bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní láti mọ iye òjé tó ṣẹ́ kù sínú omi, kó sì mọ iye tó wà lára èèpo tó kó jáde. Ẹni tó mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì kò tíì ṣiṣẹ́ náà tán.

Tí a bá ri kànìnkànìn bọ omi, omi á wọnú rẹ̀ lọ, fífàmu nìyẹn. Tí eruku bá bà sára aṣọ tí kò sì ṣe é gbọ̀n dànù, lílẹ̀mọ́ nìyẹn. Lílẹ̀mọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí èèpo ń ṣe. Cellulose àti lignin ló di ara ewéko mú. Èèpo rírọ̀ bíi ti ọsàn tún ní pectin, èyí tó ń mú kí nǹkan dì bíi jẹ́lì. Lára wọn ni àwọn ẹ̀ka wínníwínní kan wà tí wọ́n ń pè ní carboxyl àti hydroxyl, carboxyl ló sì ṣe pàtàkì jù fún wa. Nínú omi tí kò kan jù, carboxyl á jọ̀wọ́ hydrogen tó wà lẹ́nu rẹ̀, iná òdì (irú iná mànàmáná, kì í ṣe ti ìdáná) á wá kù sí i lára. Òjé, kádíọ́mù (irin olóró mìíràn) àti bàbà tó ti yòrò sínú omi ní iná rere. Ìyẹn ni wọ́n fi ń fa ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kálísíọ́mù tàbí pọtásíọ́mù ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjé á lé e dìde, á gba àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi tó jáde fi lè ní kálísíọ́mù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé inú rẹ̀ ti dín kù.

Níbẹ̀ la ti rí i pé pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe kan sí), ló ń pàṣẹ. Tó bá wà ní 2 tàbí 3, hydrogen ti pọ̀ nínú omi ju òjé lọ fíìfíì, òun ló máa gba ẹnu gbogbo carboxyl, òjé á sì máa ṣàn kọjá lọ. Láàárín 5 sí 6 ni òjé, kádíọ́mù àti bàbà máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo dáadáa. Tí ẹ bá gbé e kọjá 7, òjé fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Ẹni tó bá bu omi lókè láti fi ṣe àyẹ̀wò á ní èèpo òun ti ṣe bẹbẹ, bẹ́ẹ̀ èèpo kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó ń tú àṣírí yìí kò ju ìgò kan lọ: ẹ bu omi kan náà, ní pH kan náà, sínú ìgò tí kò ní èèpo rárá, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní èèpo. Tí òjé bá dín kù nínú èyí tí kò ní èèpo, ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú iyì tí ẹ fẹ́ fún èèpo.

Ká wá gbé èèpo ọsàn kalẹ̀, ká tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn kílò kan èèpo tútù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ sì fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí iyẹ̀pẹ̀ àti ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ. Ṣúgà yẹn ni kì í jẹ́ kí èèpo gbẹ tán kí èbu tó hù lára rẹ̀. Ẹ sá a sórí ohun tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tàbí kí ẹ kó o sínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún nǹkan bíi wákàtí 24. Kí ooru má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí etí èèpo bá ti ń dúdú, pectin tí ẹ ń wá ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ ni ẹ máa fi mọ̀ pé ó ti gbẹ. Ẹ mú ẹyọ kan sáàárín ìka méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń tẹ̀ bí awọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ìlọ̀. Tó bá dún pẹ́kẹ́ tó sì kán, ó tó lọ̀. Kílò kan tútù sábà máa ń ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 200 sí 250 gíráàmù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ fi ajọ̀ méjì jọ̀ ọ́. Kí ojú ajọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 0.5 mìlímítà, kí ti èkejì jẹ́ 0.25. Èyí tó bọ́ nínú ti àkọ́kọ́ tí kò bọ́ nínú ti èkejì ni ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé bó bá ṣe kúnná tó ló ṣe dára tó. Lóòótọ́ ni pé ìyẹ̀fun kíkúnná máa ń yára gba òjé, ṣùgbọ́n òun náà ló ń dí ojú asẹ́, òun ló sì ń yọ́ gba ojú aṣọ kọjá sínú omi tí a pè ní mímọ́. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òjé tó gùn ún lẹ́yìn bá a kọjá náà ni.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ bu gíráàmù kan ìyẹ̀fun yìí sínú omi mímọ́ lítà kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọ̀ àti àwọn èròjà ara èèpo tó yòrò ló fà á, oúnjẹ gidi sì ni wọ́n fún kòkòrò inú omi. Tí ẹ bá tún lọ da kìlórínì sírú omi bẹ́ẹ̀, kìlórínì á bá wọn lò pọ̀, á sì bí àwọn oró tuntun tí wọ́n ń pè ní trihalomethane. Ẹni tó fẹ́ yọ oró kan ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà a kì í lo ìyẹ̀fun èèpo ọsàn láì kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ yo gíráàmù 20 calcium chloride sínú omi lítà kan, kí ẹ rẹ gíráàmù 50 ìyẹ̀fun sínú rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kálísíọ́mù á so pectin pọ̀, kò ní lè yòrò mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ máa fi omi mímọ́ ṣàn án títí omi tó ń jáde kò fi ní ní àwọ̀ mọ́, kí ẹ sì tún gbẹ ẹ́ ní 60. Àwọn mìíràn ń lo kọ́sítíìkì sódà, gíráàmù 4 nínú lítà kan, fún wákàtí kan tàbí méjì. Ó ń ṣí ọ̀pọ̀ carboxyl tí pectin ti bò, ṣùgbọ́n tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí omi bá gbóná, gbogbo rẹ̀ á di yẹ̀kẹ̀tẹ̀ tí kò ṣe é sẹ́. Sódà ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà lórí, kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà sì wà lọ́wọ́. Ẹ ṣàn án títí pH omi tó ń jáde yóò fi padà sí 7.

Èèpo ẹ̀pà àti ìyẹ̀fun pákó le ju ti ọsàn lọ, pectin wọn kò sì tó nǹkan. Citric acid ni a fi ń fún wọn lágbára. Ẹ yo gíráàmù 115 rẹ̀ sínú omi kó di lítà kan, ẹ rẹ ìyẹ̀fun sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbẹ ẹ́ ní 60, kí ẹ wá gbé e sínú ooru 120 fún wákàtí mẹ́ta. Ooru yẹn ni ń so ásíìdì náà mọ́ ara igi, tí carboxyl tuntun fi ń yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ásíìdì tí kò bá rí ibi so mọ́ á kàn sọ pH omi yín di kíkan ni.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra tirẹ̀. Sáyánáìdì wà nínú rẹ̀ ní tútù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí ẹ sá a gbẹ táútáú kí ó tó di lílò.

Ìdánwò ló kàn. Ẹ bu 100 mílílítà omi tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, ẹ da 0.2 gíráàmù ìyẹ̀fun sí i, kí ẹ máa mì í fún wákàtí méjì ní pH 5. Ẹ máa bu díẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú 5, 10, 20, 40, 60 àti 120. Èyí tó pọ̀ jù lára òjé máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìyókù á máa falẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ẹ, ẹ da mílílítà 10 tó kọ́kọ́ jáde sínú ìgò ìdọ̀tí, torí pé bébà ìsẹ́mi náà ń gba òjé díẹ̀. Ká ní ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 5 mílígíráàmù nínú lítà kan. 45 ló lọ nínú 50: ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Gíráàmù èèpo kan ti gba 22.5 mílígíráàmù òjé.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pàtẹ́wọ́. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún òjé nínú omi mímu ni 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan. 5 tó ṣẹ́ kù yẹn jẹ́ ìlọ́po 500 rẹ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò sọ fún yín bóyá omi ṣe é mu. Iye tó ṣẹ́ kù ló ń sọ ọ́. Ti kádíọ́mù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 0.003 ni wọ́n fàyè gbà.

Nǹkan mìíràn wà tó ń tan àwọn tó mọ ìṣirò pàápàá. Irving Langmuir, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́míkà ní 1932, fi ìṣirò kan hàn ní 1918 nípa bí nǹkan ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojú nǹkan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé iye tí èèpo lè gbé kì í dúró lójú kan. Ó ń tẹ̀ lé iye tó ṣẹ́ kù nínú omi. Ká mú àpẹẹrẹ. Èèpo wa lè gbé 40 mílígíráàmù lórí gíráàmù kan tí òjé bá kún omi bámúbámú, kí nọ́ńbà ìfàmọ́ra rẹ̀ nínú ìṣirò Langmuir sì jẹ́ 0.1 lítà fún mílígíráàmù kan. A ní omi lítà 200, òjé inú rẹ̀ jẹ́ 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan. Gbogbo òjé tó wà níbẹ̀ jẹ́ 100 mílígíráàmù, a sì fẹ́ yọ 98 kó lè ṣẹ́ ku 0.01. Ẹni tó bá fi 40 pín 98 á ní 2.45 gíráàmù èèpo ti tó. Ṣùgbọ́n nínú omi tí òjé rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé 0.01, gíráàmù kan kò lè di nǹkan kan mú ju nǹkan bí 0.04 mílígíráàmù lọ (40 × 0.1 × 0.01). Ẹ wá fi 0.04 pín 98: 2,450 gíráàmù. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì dùn mọ́ wa láti sọ ọ́. Ẹ má da gbogbo èèpo sínú omi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ da nǹkan bí 305 gíráàmù sí i, ẹ mì í, ẹ sẹ́ ẹ kúrò. Òjé á ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 0.07. Ẹ wá da 305 gíráàmù tuntun sí omi kan náà, á dé 0.01. Gbogbo èèpo tí ẹ lò jẹ́ nǹkan bí 610 gíráàmù dípò 2,450. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí 405 ló máa tó. Ìdí ni pé èèpo àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbi tí òjé pọ̀ sí, ó sì lè di púpọ̀ mú níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń jìyà omi tí òjé rẹ̀ ti tán lọ.

Ohun tí páìpù tí a ki èèpo sí ń ṣe fún wa náà nìyẹn, nítorí omi ń pàdé èèpo tuntun bó ṣe ń lọ. Ẹ mú páìpù tí ìbú inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ ki èèpo sí i dé gíga sẹ̀ǹtímítà 40. Àyè tó gbà jẹ́ nǹkan bí 785 mílílítà. Tí ẹ bá fẹ́ kí omi lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀, kí ohun tó ń wọlé má ju 78 mílílítà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Fún páìpù, ìyẹ̀fun tó tóbi díẹ̀ ló dára, 0.5 sí 1 mìlímítà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ki í sí páìpù, nítorí èèpo gbígbẹ máa ń wú. Tó bá lọ wú sínú páìpù, á dí omi pa. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sísàlẹ̀ àti sókè, kí omi sì máa ti ìsàlẹ̀ gòkè. Tó bá ń ti òkè wá, ó máa ń wá ojú ọ̀nà kan fún ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri páìpù, á máa gba ibẹ̀ sáré kọjá, èèpo tó wà láàárín kò sì ní rí iṣẹ́ ṣe. Omi tó rú kò gbọ́dọ̀ wọ páìpù yìí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tòrò. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, omi tí ẹ fẹ́ tọ́jú gan-an ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe omi àfọwọ́pò ti láàbù. Kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù inú omi líle ń bá òjé du àyè, agbára èèpo sì lè wálẹ̀ gan-an.

Kì í ṣe gbogbo oró ni iná rere wà lára rẹ̀. Ásẹ́níìkì, fúlóráìdì àti náítíréètì kì í fẹ́ràn èèpo lásán, ẹ má fi wọ́n tan ara yín. Krómíọ́mù oríṣi kẹfà náà ní iná òdì, nǹkan bíi pH 2 ló ti máa ń kúrò nínú omi jù, èèpo á sì tún sọ apá kan rẹ̀ di oríṣi kẹta tí oró rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aró tó ní iná rere, bíi methylene blue, máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo kíákíá. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lè fi òun bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú lásán ló fi máa rí i bí omi ṣe ń funfun. Fún epo rọ̀bì tó léfòó lórí omi, òwú àràbà ni ẹ wá: ihò ló wà nínú fọ́nrán rẹ̀, ìda wà lára rẹ̀, kì í mu omi, ó sì lè fa epo tó ju ogún ìlọ́po ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Kòkòrò àrùn kò sí lára iṣẹ́ èèpo rárá. Omi tó jáde nínú páìpù ṣì ń fẹ́ síse.

Èédú nìkan ló kù ká sọ̀rọ̀ kan lé. Ní 1785 ni Tobias Lowitz ti rí i pé èédú ń yọ àwọ̀ kúrò nínú omi. Èédú ìdáná lásán kò ní agbára ti èyí tí a ta jí. Láti ta á jí, a ń fi oru omi gbígbóná kọjá lára rẹ̀ ní nǹkan bí 800 sí 900 Celsius, tàbí kí a fi phosphoric acid rẹ èésan ekùrọ́ tàbí èèpo líle àgbọn, kí a wá sun ún ní 400 sí 500 níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, kí a sì fọ̀ ọ́. Ihò wínníwínní á kún inú rẹ̀ débi pé ojú tó wà nínú gíráàmù kan lè tó 500 sí 1,500 mítà oníbùú lóròó. Fún òórùn, àwọ̀ àti oògùn apakòkòrò, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fún òjé, ní ìdájọ́ tiwa, èèpo tí a tọ́jú dáadáa kò jìnnà sí i, iná tí a jó sì kéré.

Ká wá padà sí òjé tó wà lára èèpo. A lè fi hydrochloric acid 0.1 M (M ni òṣùwọ̀n bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú omi) ṣàn án kúrò: hydrogen á gba àyè rẹ̀ padà. Lítà kan ásíìdì fún gíráàmù 50 èèpo, fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ dá pH rẹ̀ padà, kí ẹ tún un lò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe é ni agbára rẹ̀ ń dín kù, torí ásíìdì ń jẹ èèpo náà. Ṣùgbọ́n òjé ti wà nínú ásíìdì báyìí. Ẹ fi calcium hydroxide gbé pH rẹ̀ dé 9 sí 10 kí òjé lè dì, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tọ́jú ẹrọ̀fọ̀ náà.

Èèpo tí kò ṣe é lò mọ́ kò gbọ́dọ̀ di ajílẹ̀, ẹran kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ dáná sun ún ní gbangba: mẹ́kúrì àti kádíọ́mù ń bá èéfín lọ, eérú tó kù sì ní òjé ju èèpo lọ. Àwọn kan ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì ní tútù. Ṣúgà àti àwọn èròjà ara igi kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì, búlọ́ọ̀kù náà á sì máa fọ́ fúnra rẹ̀. Iná ìléru tó ní ohun tó ń gba èéfín ni kí a kọ́kọ́ fi sọ ọ́ di eérú, eérú yẹn ló ń dì mọ́ sìmẹ́ńtì dáadáa. Títí tí yóò fi débẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ dé e sínú ike tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ike náà: ọjọ́ tí a kó o jáde, omi tí a fi í fọ̀ mọ́, 610 gíráàmù èèpo, 98 mílígíráàmù òjé.